Gígé Kọ́ Ni Sísọ̀kalẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò mi ní Lasunwọn léèrè iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, wọ́n á ní Ìyá Tóyìn ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni wọ́n mọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé fóònù tó bọ́ sómi wá bá mi, tí ẹnì kan sì gbé ẹ̀rọ ìlọta wá lọ́jọ́ kan pé kí n bá òun wò ó. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ ìlọta. Iṣẹ́ tí mo ṣe ni pé mo máa ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé kó lè sọ nọ́ńbà kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo mọ̀ pé ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé létí. Àmọ́ iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó bá mi tọ́ ọmọ, ó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n, mo wá ní kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ tó ń ronú ohun tí ẹ máa fi ayé yín ṣe.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ ríṣẹ́ ní Ìkòròdú, a sì háyà yàrá kan ní Lasunwọn. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn nínú: mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, mo lọ. Owó oṣù náà ò sì pọ̀ débi tí mo fi máa fi í yangàn níbí.

Ọ́fíìsì wa kò jìnnà sí Èbúté Ìkòròdú. Àwa là ń wọn omi ọ̀sà fún àwọn atukọ̀ tó ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Ẹ̀pẹ́. Òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi lójú ọ̀nà wọn. Bí omi orí òkìtì yẹn bá pọ̀ tó, ọkọ̀ á kọjá. Bí kò bá pọ̀ tó, ọkọ̀ á gun iyanrìn. Láràárọ̀ la máa ń ka ibi tí omi dé lára òpó kan ní èbúté, a ó sọ nọ́ńbà yẹn kalẹ̀, kọ̀ǹpútà á fi ṣe ìṣirò, a ó sì kọ iye omi tó wà lórí òkìtì sára pátákó níta. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ́yìn póìntì là ń lò, torí kò sí atukọ̀ tó ní àyè láti máa ka nọ́ńbà gígùn láàárọ̀. Bí omi bá jẹ́ mítà 1.27, 1.2 la máa mú. A kì í mú 1.3, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló sún mọ́ ọn jù. Bí a bá mú 1.3, a ti ṣèlérí omi tí kò sí níbẹ̀ fún atukọ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá Mòríyámọ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, ilé apẹja ni wọ́n ti jáde. Wọ́n ní nílé bàbá àwọn, bí wọ́n bá fi ọ̀pá wọn omi, àmì tó bá rì sómi pátápátá nìkan ni wọ́n máa ń kà. Èyí tí omi bá kàn dé ìdajì rẹ̀, bíi pé kò sí níbẹ̀ ni. Ọmọ tó bá kà á mọ́ ọn, ọ̀pá yẹn náà ni wọ́n máa fi bá a wí. Ojú yẹn ni Ọ̀gá gbé wá sídìí kọ̀ǹpútà. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín. Bí o bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ, wọ́n á pa gbogbo ohun tí o kọ rẹ́, wọ́n á ní kí o tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti sunkún ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ sétí. Gbogbo àwa ọmọṣẹ́ la máa ń sọ pé a fẹ́ gé ìrù nọ́ńbà. Bí ó bá jẹ́ 1.27, o gé 7 kúrò nídìí rẹ̀, ó ku 1.2. Ọ̀rọ̀ náà yá lẹ́nu, ó sì ń pa wá lẹ́rìn-ín. Bí Ọ̀gá bá gbọ́ ọ, ọjọ́ yẹn ti bà jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ nìyẹn. Wọ́n á ní kò sẹ́ni tó ń gé ìrù níbí, pé ṣe là ń sọ nọ́ńbà kalẹ̀, bí ẹni ń sọ ẹrù kalẹ̀ lórí. Èmi rò pé àṣejù ni. Mo ń sọ nínú ara mi pé ṣebí 1.2 kan náà ló máa já sí, kí ló wá kàn án bí mo ṣe pè é?

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló là mí lójú. Àmì òdo wà lára òpó wa. Bí omi bá ga ju àmì yẹn lọ, nọ́ńbà lásán la máa kọ. Bí omi bá fà dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, a máa fi máínọ́sì ṣáájú. Nígbà òjò omi kì í fà dé ìsàlẹ̀ òdo, nítorí náà mo ti lo oṣù bíi mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó fojú kan máínọ́sì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, omi wà ní máínọ́sì 0.26. Ọ̀gá ní kí n kọ́kọ́ fi ọwọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ṣe tiẹ̀. Mo gé ìrù ẹ̀, mo kọ máínọ́sì 0.2, mo sì gbé e fún wọn tìdùnnú-tìdùnnú.

Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n máa bọ̀. A dé ibi àtẹ̀gùn tó wọ inú omi lọ ní èbúté, níbi tí èrò ti ń wọkọ̀. Wọ́n ní kí n dúró sórí èyí tó wà lókè omi gan-an, kí n bọ́ bàtà, kí n wá máa sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń ṣeré, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn kì í ṣeré. Mo sọ̀kalẹ̀ kan, omi bo ẹsẹ̀ mi. Mo tún sọ̀kalẹ̀, omi rin etí síkẹ́ẹ̀tì mi. Àwọn èrò tó wà níbẹ̀ ń wò wá.

“Níbo lò ń lọ yẹn?”

“Ìsàlẹ̀ ni, mà.”

“Látìgbà tí o ti wọ omi ńkọ́? Ṣé o ti wá ń gòkè ni?”

Mo ní rárá, mo ṣì ń lọ sísàlẹ̀.

“Ìsàlẹ̀ ò yí padà torí pé ẹsẹ̀ ẹ ti wọ omi. Máínọ́sì 0.2 wà lókè máínọ́sì 0.26. O gé ìrù ẹ̀, o wá gbé e gòkè. O ti bu omi tí kò sí sínú ọ̀sà fún wa. Jáde, kí o lọ kọ ọ́ dáadáa.”

Inú síkẹ́ẹ̀tì tútù yẹn ni mo ti jókòó kọ máínọ́sì 0.3. Lọ́jọ́ náà, mo bú wọn nínú mi títí mo fi délé. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lórí rẹ̀ láti ìgbà náà ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Kọ̀ǹpútà tí a ń lò nígbà yẹn tóbi, ojú rẹ̀ máa ń tàn bí ewé, ó sì máa ń gbóná débi tí ológbò èbúté fi ń wá sùn sórí rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a máa káwọ́ lérí ni. Àmọ́ ó mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé sísọ̀kalẹ̀ gan-an ló ń ṣe. Bí ó bá rí máínọ́sì 3.7, á lọ sí máínọ́sì 4 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Nígbà tó yá ni àwọn ẹ̀rọ kékeré dé, àwọn tó ń yára, tí èdè wọn yàtọ̀. Nínú èdè tuntun yẹn, bí o bá ní kí ẹ̀rọ sọ nọ́ńbà di odidi, ṣe ló máa gé e. Máínọ́sì 3.7 á di máínọ́sì 3. Èdè náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún sísọ̀kalẹ̀, àmọ́ àfi kí o mọ̀ pé òun lo fẹ́.

Ọdún tí wọ́n ní kí a kó gbogbo ètò wa lọ sórí ẹ̀rọ tuntun ni Ọ̀gá lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n rán èmi lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti bójú tó òpó tuntun tí wọ́n ń rì nítòsí Ọjà Olúwo. Òórùn ẹja yíyan wọ aṣọ mi débi pé ọkọ mi ní kí n máa bọ́ ọ síta kí n tó wọlé. Àwọn tí wọ́n gbà láti Èkó ló wá ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n mọṣẹ́, ẹnu wọn sì dáa. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kan tí kò yé wọn nínú ètò àtijọ́, wọ́n bi Ìdòwú tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí ló ń ṣe. Ìdòwú dá wọn lóhùn bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ ọ́ bí Ọ̀gá ò bá sí nítòsí. Ó ní ó ń gé ìrù nọ́ńbà ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ gígé. Ìgbà òjò ni wọ́n dán an wò, kò sí máínọ́sì níbì kankan, gbogbo rẹ̀ ló sì tọ̀nà.

Ọ̀gá dé, wọ́n di Alhaja, pẹ̀lú eyín góòlù kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí dáadáa, torí ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, báwo la ṣe fẹ́ rí eyín rẹ̀? Ètò tuntun ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn sì dé.

Atukọ̀ kan wà tí a ń pè ní Bàbá Ṣàkírà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, wọ́n ti ń tukọ̀ kí n tó dé Ìkòròdú. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń tù, orúkọ rere tí wọ́n ní ni wọ́n sì fi ń jẹun. Bí ọkọ̀ yẹn bá kún, mítà 1.2 ni ó ń fẹ́ kó tó lè kọjá lórí òkìtì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, omi fà dé máínọ́sì 0.38 lára òpó. Láti àmì òdo dé orí òkìtì jẹ́ mítà 1.5. Ẹ̀rọ gé máínọ́sì 0.38 sí máínọ́sì 0.3, ó yọ 0.3 kúrò nínú 1.5, ó kọ 1.2. Ká ní ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni, máínọ́sì 0.4 ni ì bá mú, 1.1 ni pátákó ì bá sì sọ.

Bàbá Ṣàkírà ka pátákó wa, wọ́n kó èrò, wọ́n gbéra. Eré ni ọkọ̀ náà ń sá tó fi gun iyanrìn. Àwọn èrò já lu ara wọn, obìnrin kan ṣẹ́ lápá, ẹrù àwọn míì sì bọ́ sómi. Ẹnikẹ́ni ò kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri èbúté pé Bàbá Ṣàkírà mutí, ẹni tí ọtí ò kan ẹnu rẹ̀ rí. Àwọn míì ní oorun ló ń kùn wọ́n. Ọlọ́kọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n lọ jókòó sílé di ọjọ́ tí gbogbo èbúté máa ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn já sí. Bí ìpàdé yẹn bá dá wọn lẹ́bi, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, kò sẹ́ni tó tún máa fa ọkọ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Alhaja ní kí a kọ nọ́ńbà òpó àti nọ́ńbà pátákó ọjọ́ náà síwájú àwọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wá rọra béèrè pé ta ló gé e. Ìdòwú bú sẹ́kún, ó sì rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo retí pé ilẹ̀ máa mì. Wọn ò bá a wí rárá, èyí ló sì bà wá lẹ́rù jù. Olórí ọ́fíìsì pè wọ́n sínú yàrá, ó ní ẹ̀rọ tuntun ni, àwọn ọ̀gá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ni, pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ìrù nọ́ńbà jáde síta. Ó ní atukọ̀ ló ni ojú rẹ̀, ó yẹ kó lè fi ríran.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Obìnrin tó ṣẹ́ lápá wà níbẹ̀ tòun ti aṣọ tí wọ́n fi gbé ọwọ́ rẹ̀ kọ́rùn, Bàbá Ṣàkírà sì jókòó lójú kan, wọn ò gbójú sókè. Olórí wa ṣàlàyé pé ìmọ̀ràn lásán ni pátákó. Kò tíì jókòó tán tí Alhaja fi dìde. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

“Bàbá Ṣàkírà ò ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà wa ló gbé wọn gun iyanrìn. 1.1 ló yẹ ká kọ, a kọ 1.2. Èmi ni ọ̀gá ètò yẹn, mo sì dé láti Mẹ́kà, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ wọn.”

Wọ́n rìn lọ bá obìnrin tó ṣẹ́ lápá, wọ́n kúnlẹ̀ fún un, tàgbàtàgbà. Ọlọ́kọ̀ na kọ́kọ́rọ́ sí Bàbá Ṣàkírà. Bàbá gbà á, wọ́n sì sọ ohun tí mi ò gbàgbé.

“Alhaja, mo dúpẹ́, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ṣùgbọ́n pátákó yín, èmi ò ní wò ó mọ́.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe. Wọ́n padà sí ọ̀pá, wọ́n á rọra lọ dé òkìtì, wọ́n á ti ọ̀pá bọ omi, wọ́n á tó kọjá. Àwọn atukọ̀ míì tẹ̀ lé wọn. Láràárọ̀ a máa ń kọ nọ́ńbà, àwọn èèyàn á sì máa rìn kọjá níwájú rẹ̀ bíi pé ògiri lásán ni. Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìyẹn dun èèyàn ju kí wọ́n bú u lọ.

Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Alhaja fún ìgbà kan, àmọ́ wọn ò gba iṣẹ́. Àwa méjèèjì la jọ jókòó ti ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan míì. Mo ní kí ẹ̀rọ tuntun ro 0.7 mọ́ 0.1, kí ó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí nọ́ńbà kan lẹ́yìn póìntì. Dípò 0.8, ó kọ 0.7. Mo rò pé ojú ń ṣe mí ni. Kò sí ohun tó ń ṣe ojú mi. Ẹ̀rọ kì í lè tọ́jú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sínú bó ṣe rí gan-an. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 0.79 tí 9 ń tẹ̀ lé ara wọn lọ lẹ́yìn rẹ̀, o wá ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu. Mo ní ká kúkú máa fi sẹ̀ǹtímítà ṣe gbogbo ìṣirò ní odidi, kó má sí póìntì níbì kankan àfi lórí pátákó. Alhaja gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rí eyín góòlù yẹn ketekete. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Nígbà tí Alhaja fẹ̀yìn tì, wọ́n fi mí sípò wọn. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n wà báyìí, ara wọn le, mo máa ń gbé búrẹ́dì lọ kí wọn. Bí mo bá ṣèèṣì sọ “gé” lórí fóònù, wọ́n á dákẹ́ títí màá fi tún un sọ. Ẹ̀rọ yí padà lójú mi léraléra. Ohun tó kún yàrá kan nígbà náà ti wọ inú fóònù, kò sì sẹ́ni tó ń lọ ka òpó mọ́, òpó fúnra rẹ̀ ló ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Gbogbo èdè tuntun tó bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni ohun tó ń fi máínọ́sì ṣe. Mo kọ́ àwọn ọmọ tó wá lẹ́yìn mi bẹ́ẹ̀, mo sì gbọ́ pé wọ́n ní mo le. Inú mi dùn sí i.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, mo máa ń lọ pàdé Bàbá Ṣàkírà bí wọ́n bá ti Ẹ̀pẹ́ dé. Mi ò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n wo pátákó. Mo kàn máa ń bi wọ́n léèrè ibi tí omi dé lára ọ̀pá wọn lórí òkìtì. Wọ́n á sọ fún mi, màá dúpẹ́, màá padà. Kò sígbà kan tí omi ọ̀pá wọn kéré ju ti pátákó wa lọ. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì ò sọ ọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Wọ́n fún mi ní aago ògiri lọ́jọ́ náà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ dáadáa nípa mi, mo dúpẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá bi mí léèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi jù, ẹ̀ẹ̀rùn tó gbẹ̀yìn kí n tó lọ ni. Ọyẹ́ mú, kùrukùru bo ọ̀sà débi pé a ò rí orí ọkọ̀ láti ìdí rẹ̀. Èrò ti wà létí àtẹ̀gùn. Ṣàkírà, ọmọ Bàbá, wà láàárín wọn, ó fẹ́ gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lọ han àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Bàbá rìn wá sí ojú fèrèsé mi, wọ́n ti darúgbó.

“Ìyá Tóyìn, kí ni omi òní?”

Mo wò wọ́n. Mo rò pé mo ṣì wọ́n gbọ́ ni.

“1.2 ni, sà. Ó lé díẹ̀, àmọ́ 1.2 ni kí ẹ mú.”

“1.2,” ni Bàbá wí.

Wọ́n padà sí etí omi. Wọ́n na ọwọ́ sí Ṣàkírà tòun ti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, wọ́n fà á wọ inú ọkọ̀, wọ́n sì tú okùn.